Ọta Tí Bọ̀dá Silas Ń Fi Èéfín Tọ́jú

Bí ẹ bá gba Ijapo Estate kọjá ní Àkúrẹ́, tí ẹ sì rí èéfín tó ń rú túú lẹ́yìn ilé kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, ẹ má pe panápaná. Ilé kò jó. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń tọ́jú ọta ìbọn.

Silas Adébùsóyè lorúkọ rẹ̀. Bọ̀dá Silas lèmi ń pè é, nítorí òun ló fẹ́ Àǹtí Agnes, ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tí mo ní láyé. Èmi ni Monílọ́lá, aránṣọ ni mí, Oǹdó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì bí èmi àti Àǹtí mi sí. Ọmọ Ijare ni Bọ̀dá Silas ní tirẹ̀. Akọ̀wé ìjọba ló jẹ́ ní Alágbàká títí tó fi fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ tó le jù tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe níbẹ̀ kò ju kó máa lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò kí ẹ pè é ní akọ̀wé o. Ọdẹ lòun. Ọdẹ ni bàbá òun, ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá òun. Ó ní fìlà ọdẹ, ó ní ìbọn ṣakabùlà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó sì máa ń rìn bí ẹni tó bá ẹfọ̀n wọ̀jà lánàá. Ẹran tó pa nìkan ni kò ní.

Mi ò parọ́ mọ́ ọn. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ohun kan ṣoṣo tí ìbọn yẹn bà ni táńkì omi aládùúgbò rẹ̀. Ó ní àwòdì lòun yìn ín sí, àwòdì tó ń gbé òròmọdìẹ Àǹtí mi. Àwòdì fò lọ, ó gbé òròmọdìẹ lọ pẹ̀lú, omi táńkì sì ń ṣàn kiri àdúgbò títí di ọ̀sán. Ó ní atẹ́gùn ló gbé ọta lọ. A ní a gbọ́. Síbẹ̀ náà, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi sọ fún yín pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà inú igbó, tó bá pẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ìyà wo? Igbó wo? Ẹran dà?

Kì í ṣe ìbọn yíyìn ni Bọ̀dá Silas fẹ́ràn. Ọta ló fẹ́ràn, kó rọ ọ́, kó tọ́jú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe é, torí ọkùnrin náà kì í ṣe ọ̀lẹ nídìí ohun tí kò wúlò. Ó máa ń lọ káàkiri ọ̀dọ̀ àwọn fọkanáísà, àwọn tó ń lẹ táyà, a máa ṣa àwọn òjé wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń yọ lára ríìmù ọkọ̀. Á dà á sínú páànù irin, á gbé e kaná títí yóò fi yọ́, á bu ú sínú mọ́ọ̀dù tó rà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ kan. Bó bá tutù, ọta roboto roboto ló máa já síta, ó ń dán bí ojú ẹja. Lẹ́yìn náà á yọ́ òrí pọ̀ mọ́ ìda oyin, á fi pa ọta náà lára lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fi òrí pa ọmọ ìkókó. Òrí yìí ni kì í jẹ́ kí òjé hu funfun, òun náà ló ń jẹ́ kí ọta yọ̀ wọnú ìbọn geere. Títí débẹ̀, mi ò ní ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á rọ ìwọ̀nba tí wọ́n fẹ́ lò, wọ́n á sì lò ó.

Bọ̀dá Silas kì í lò ó. Inú agolo mílíìkì ńláńlá ló ń kó o sí, á fi ìdérí tẹ̀ ẹ́ pa, ó di ọjọ́ iwájú. Bí ẹ bá bi í léèrè pé ọjọ́ iwájú wo, á ní ọjọ́ tí ayé bá dojú rú, ọjọ́ tí àwọn ajínigbé bá wọ Ijapo, ọjọ́ yẹn ni gbogbo àwọn tó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ máa wá kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà òun. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní wọ́n rí àwọn ajínigbé lójú ọ̀nà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, tí àwọn ará Ijapo ní kí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan jáde wá ṣọ́ àdúgbò, ẹsẹ̀ ń dun ọdẹ wa. Ó rán Àǹtí mi lọ sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Ó tún ní kó fi kún un pé bí ọ̀rọ̀ bá le ju bó ṣe wà lọ, ọta ń bẹ nílé.

Ọ̀rọ̀ ibi tó ń kó ọta yẹn sí ló bí mi nínú jù. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wà láyé ní Ijare, orí àjà ìdáná ni bàbá náà ń kó ẹ̀tù ìbọn sí, lókè ààrò gan-an. Bí gbogbo ilé ọdẹ ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀tù kì í fẹ́ ọ̀rinrin. Ẹ̀tù, àgbàdo tí wọ́n fẹ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, awọ ẹran, òkè ààrò ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí, kí ooru àti èéfín lè máa gbẹ ẹ́. Ọmọdé ni Bọ̀dá Silas nígbà tó rí èyí, ó sì dì í mú ju májẹ̀mú ìrìbọmi lọ. Ohun tí bàbá òun ṣe lòun máa ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ààrò nínú ilé Ijapo. Ó bá kọ́ ọ̀kan sẹ́yìn ilé, ó fi páànù bò ó, ó to igi àjà sí òkè rẹ̀, ó kó agolo ọta síbẹ̀. Ó wá ṣòfin pé iná ìdí ààrò yẹn kò gbọdọ̀ kú, àárọ̀ tàbí alẹ́, òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn, kí ọ̀rinrin má baà ba ọta òun jẹ́.

Ta ló ń dá iná náà? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àǹtí mi ni.

Ọmọ wọn, Olúwatóbi, ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ọmọ náà ra sítóòfù onígáàsì fún ìyá rẹ̀, ńlá, olójú mẹ́rin, ó ní kí Màmá yé fi igi dáná mọ́. Bọ̀dá Silas dúpẹ́, ó gbàdúrà fún ọmọ, ó fi aṣọ léèsì bo sítóòfù, ó sì gbé àwòrán ìgbéyàwó wọn lé e. Ó ní ọbẹ̀ gáàsì kì í dùn. Títí dòní, mi ò rí ìkòkò lórí sítóòfù yẹn rí. Ìdí ààrò lẹ́yìn ilé ni Àǹtí Agnes ń se gbogbo oúnjẹ, Bọ̀dá Silas á sì jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú níbi tí èéfín kì í dé, á máa ka ìwé ìròyìn.

Ẹ ò mọ Àǹtí mi tẹ́lẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Áńgílíkà wa l'Óǹdó, òun ló ń gba ohùn òkè. Bó bá gbé orin, àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́yìn á dákẹ́ láti gbọ́ ọ. Bọ̀dá Silas fúnra rẹ̀, ohùn yẹn ló tẹ̀ lé láti Àkúrẹ́ dé ilé wa, ó máa ń sọ ọ́ nígbà tó ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí. Díẹ̀díẹ̀ ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà kò lè kọ ẹsẹ orin kan tán láìdúró. Lẹ́yìn èyí ló fi ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn ní Àkúrẹ́ sílẹ̀, ó ní ojú òun kò rí ìwé orin dáadáa mọ́. Irọ́ ni. Èémí ni kò tó.

Èmi ni mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní, "Màmá, igi lẹ fi ń dáná?" Àǹtí mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Èéfín ló ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró yín. Èyí tó ti jẹ kò ní padà wá. Èyí tó kù, ẹ̀yin lẹ máa sọ bóyá ẹ fẹ́ ẹ. Bí ẹ kò bá kúrò nídìí iná yẹn, èémí máa tán lára yín ni." Ó fún un ní oògùn tí wọ́n ń fà sẹ́nu, ó ní kó má fi ṣeré.

A délé, mo sọ ọ́ fún Bọ̀dá Silas bí dókítà ṣe sọ ọ́, mi ò bù ú kù. Ó gbọ́ tán, ó mi orí. Mo rò pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ènìyàn. Ó ní, "Ìyàwó mi, ọ̀rọ̀ yìí yé mi. Kò sì le. Nígbà tí ọta bá tán, iná á kú. Mo ṣèlérí rẹ̀ níwájú Ọlọ́run."

Mo ní, "Bọ̀dá, ta ló ń lò ó tí yóò fi tán?"

Ó ní, "Ohun rere kì í ṣe ohun à ń yára lò."

Mo ní kó kó o fún àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ní Ijare. Ó ní a kì í fi ọta tọrẹ. Mo ní kó jẹ́ kí n kó o lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tó tutù. Ó ní ọ̀rinrin pọ̀ l'Óǹdó, bí ẹni pé inú odò là ń sùn. Mo wá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ̀tù ni bàbá yín ń kó sókè ààrò, ẹ̀tù kò ní ọ̀rá. Ti yín yìí, òrí ló wà lára rẹ̀. Gbogbo ìyá ọlọ́mọ ló mọ̀ pé òrí kì í gbé ibi ooru. Ẹ tiẹ̀ ṣí agolo kan kí ẹ wò ó." Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tó ń fi amọ̀ ṣeré. Ó ní ẹni tó bá ṣí agolo ti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ ọ́, ó sì ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ó ní kí n lọ rán aṣọ mi. Láti ọjọ́ yẹn ni Àǹtí Agnes ti mọ̀ pé ọta yẹn gbọ́dọ̀ tán kí òun tó lè mí. Ó sì ń retí rẹ̀ bí ẹni ń retí ọmọ tó lọ sí òkè òkun.

Ibi tí ìgbàlà ti wá kò jọ ibi ìgbàlà rárá. Àwọn túùkú ni, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ igbó. Wọ́n ya wọ oko àwọn ará Ijare, wọ́n ń hú iṣu, wọ́n ń ya ẹ̀gẹ́, kò sí oko tí wọn kò dé. Ẹgbẹ́ ọdẹ fẹnu kò pé àwọn á jùmọ̀ wọ igbó lọ́jọ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n ọta kò tó lọ́wọ́ wọn. Ìgbà yẹn ni olórí ọdẹ, Bàbá Akíntúndé, rántí pé ọmọ ìlú kan wà ní Ijapo tí kì í sinmi àtimáa sọ nípa ọta tó ní nílé. Ó pè é lórí fóònù. Bọ̀dá Silas, tí kì í gba ìpè láìjẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́, fi fóònù sí gbangba.

Bàbá Akíntúndé ní, "Silas, wọ́n ní ọta ń bẹ lọ́dọ̀ rẹ."

Ó ní, "Ó ń bẹ, Bàbá. Ó ń bẹ rẹpẹtẹ."

"Kó o wá. Oyè Ọ̀tún Ọdẹ kò tíì lẹ́ni láti ìgbà tí ẹni tó wà níbẹ̀ ti kú. Ẹni tó bá gba ìlú lọ́wọ́ túùkú, a kò ní gbàgbé rẹ̀."

Ọ̀tún Ọdẹ! Ẹni tí kò pa ọ̀kẹ́rẹ́ rí. Wọ́n ní orí rẹ̀ wú débi pé ó ń dé fìlà níwájú díńgí kí ìpè tó parí. Ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu, òun á kó gbogbo rẹ̀ wá, àní gbogbo rẹ̀, kò ní ku ọ̀kan.

Àǹtí mi wà ní ìdí ilẹ̀kùn, ó gbé tíì dání, ó gbọ́. Ó gbé tíì kalẹ̀, ó pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ń já, mo kọ́kọ́ rò pé nǹkan burúkú ló ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Monílọ́lá, wọ́n fẹ́ lo ọta náà. Gbogbo ẹ̀. Iná máa kú." Ó bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún sórí aṣọ oníbàárà. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, Àǹtí Agnes ló ń gba àwọn agolo náà bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń sọ wọ́n kalẹ̀ láti orí àjà. Wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ń fi aṣọ nù wọ́n, ó ń tò wọ́n sínú búùtù ọkọ̀, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀, bí ikọ́ bá dá a dúró á sinmi, á tún bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá Silas ń sọ pé, "Ìyá Tóbi, rọra. Ẹyin ni." Ó ti wọ gbogbo aṣọ ọdẹ rẹ̀ tán, ó fi ìbọn kọ́ èjìká nínú Ijapo ní àárọ̀ kùtù, àwọn tó ń sáré fún ìlera wọn rí i, wọ́n yà sí títì kejì. Àǹtí mi ní òun ń bá wa lọ. Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i kó tán.

Iwájú ilé Bàbá Akíntúndé ní Ijare ni àwọn ọdẹ péjọ sí. A to agolo sílẹ̀. Èèyàn gidi á ní ẹ kú ilé, ẹ gba ọta, ẹ jẹ́ ká lọ. Bọ̀dá Silas sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Ó sọ ìtàn òjé, ó sọ ìtàn òrí, ó sọ nípa àwọn ọmọ ayé òde òní tí kò ní sùúrù, tí wọ́n á rọ ọta lónìí, tí wọ́n á yìn ín lọ́la. Ó ní ọta tí òun gbé wá yìí, ọmọ ọmọ wọn lè lò ó, kò ní yàtọ̀. Àwọn ọdẹ ń wo oòrùn. Ọ̀kan nínú wọn, géńdé kan tó ń jẹ́ Johnson, fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gbé ìdérí agolo àkọ́kọ́ kí ọ̀rọ̀ tó tán.

Òórùn kan jáde, bí ọṣẹ tó ti bàjẹ́. Johnson yọjú wo inú agolo, ó gbé e fún Bàbá Akíntúndé. Bàbá náà da agolo dojú dé. Kò sí ohun tó bọ́. Ó gbá a mọ́ ìtì igi. Ẹ̀rún funfun ló kọ́kọ́ dà sílẹ̀ bí ẹfun tí wọ́n gún, lẹ́yìn náà ni ọta bíi mélòó kan yí jáde, wọ́n funfun, ara wọn rí ságisági. Àwọn yòókù wà ní ìsàlẹ̀, wọ́n ti lẹ̀ pọ̀ nínú ọ̀rá dúdú kan tó jóná mọ́ ìdí agolo. Ooru ti yọ́ òrí, òrí ti ṣàn lọ sísàlẹ̀, ó fi àwọn tó wà lókè sílẹ̀ níhòòhò fún ọdún gbọọrọ. Bàbá Akíntúndé mú èyí tó sàn jù nínú wọn, ó gbé e sẹ́nu ìbọn. Kò wọlé. Wọ́n ṣí agolo kejì. Bákan náà. Wọ́n ṣí gbogbo rẹ̀.

Bàbá náà bèèrè ní ohùn pẹ̀lẹ́, ahọ́n Ijare wà lẹ́nu rẹ̀, "Silas, ibo lo kó o sí nínú ulé rẹ?"

Ó ní, "Orí àjà ni, Bàbá. Lókè ààrò. Ibi tí bàbá mi ń kó tirẹ̀ sí."

"O gbé òrí sókè uná?"

Bọ̀dá Silas tún fìlà ọdẹ rẹ̀ dé. Bàbá Akíntúndé tún ní, "Láti ìgbà yìí wá, o ò ṣí i wò rí?"

Ó ní, "Bí a bá ṣí i, afẹ́fẹ́ á wọ ọ́."

Johnson ní ká dúpẹ́ pé kì í ṣe ẹyin adìẹ ló kó síbẹ̀. Ẹ̀rín ta. Àwọn àgbà ọdẹ di ikùn mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́ fún yín, mo rẹ́rìn-ín títí omi jáde lójú mi. Wọ́n ṣa ìwọ̀nba ọta tiwọn, wọ́n wọ igbó, wọ́n sì pa túùkú bọ̀ nírọ̀lẹ́. A ò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà yẹn. Johnson ni wọ́n padà fi jẹ Ọ̀tún Ọdẹ.

Àǹtí Agnes kò bú sẹ́rìn-ín. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú rẹ̀ tutù. Lójú tirẹ̀, ohun tó tán ti tán, ìbáà jẹ́ ìbọn ló jẹ ẹ́, ìbáà jẹ́ ooru. Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, tí Bọ̀dá Silas ti kó agolo rẹ̀ sẹ́yìn tán, tí a ti rìn jìnnà díẹ̀, Àǹtí mi fọwọ́ kàn án léjìká. Ó ní, "Bàbá Tóbi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ọta ti tán báyìí o."

Ó ní, "Kò tán."

Ó wa ọkọ̀ lọ díẹ̀ sí i. Ó ní, "Òjé kì í bàjẹ́. Màá yọ́ ọ, màá tún un rọ. Ṣé o mọ ohun tó bà á jẹ́? Iná ló kéré. Lọ́sàn-án, ìgbà tó yẹ kó o máa koná mọ́ ọn, ìwọ á lọ jókòó, o ní o ń wúkọ́. Ikọ́ yẹn ló ba ọta mi jẹ́."

Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì. Inú mi ru débi pé bí ìbọn yẹn bá ní ọta tó ń wọlé lára ni, n kò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Mo ní, "Bọ̀dá Silas, ojú kò tì yín?" Ó ní kí n má dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Àǹtí mi fẹ́ dá wa lóhùn, ikọ́ gbé e, ikọ́ náà kò sì fi í sílẹ̀ títí a fi dé Ijapo.

A délé. Ọkùnrin yìí kò bọ́ fìlà ọdẹ. Ó kó agolo rẹ̀ lọ sẹ́yìn tààrà, ó gbé páànù irin ka orí ààrò, ó ń fẹ́ iná. Àǹtí mi jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó la ẹnu, ó ń fa èémí. Láti inú èéfín, ọkọ rẹ̀ kígbe pé, "Ìyá Tóbi, igi dà?"

Ẹ gbà mí, obìnrin náà fẹ́ dìde. Ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó fẹ́ dìde lọ gbé igi wá. Mo dì í mú. Mo wọlé, mo kó aṣọ rẹ̀ àti oògùn tó ń fà sínú báàgì, mo ní, "Àǹtí, a ń lọ sílé." Kò bá mi jiyàn. Láti ẹnu ọ̀nà sí géètì kò jìnnà, ọmọ kékeré á fi eré dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sinmi lọ́nà, ó ń fi gbogbo ara rẹ̀ tẹ èjìká mi. Bọ̀dá Silas kò mọ̀ pé a ti lọ. Ó ṣì ń pè fún igi.

Ọ̀dọ̀ mi ló wà l'Óǹdó báyìí. Gáàsì ni mo fi ń se oúnjẹ, ojú fèrèsé ló máa ń jókòó sí. Ní ọjọ́ Ìsinmi, a jọ ń lọ sí ìjọ wa àtijọ́. Ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí, á ṣí ìwé orin, bí àwọn akọrin bá gbé orin tó ń gbé tẹ́lẹ̀, ètè rẹ̀ á máa mì. Dókítà ti sọ ọ́ fún wa pé èyí tó lọ kò ní padà. Òjé ṣeé yọ́, ó ṣeé tún rọ. Kò sí alágbẹ̀dẹ tó ní mọ́ọ̀dù ẹ̀dọ̀fóró.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bọ̀dá Silas pè. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun ti tún gbogbo ọta náà rọ, kò sí èyí tó ní àbùkù, òun ti fi òrí tuntun pa á, òun ti dá a padà sórí àjà. Ó ní ohun tó kù báyìí ni ẹni tí yóò máa dáná. Ó ní, "Fún Ìyá Tóbi ní fóònù. Kó sọ ọjọ́ tó máa padà wá sílé fún mi."

Mo fi fóònù sí gbangba, mo gbé e síwájú Àǹtí mi. Ó wò ó. Mo mọ ojú tó fi wò ó, ojú ẹni tó ti mọ ohun tó fẹ́ sọ ni. Ó la ẹnu, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èémí jọ láti fi sọ ọ́. Èmi náà dúró.

Bọ̀dá Silas ní, "Hẹ́lò?"

Àǹtí mi ń kó èémí jọ.

Ọkọ rẹ̀ tún ní, "Hẹ́lò? Hẹ́lò? Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yìí kò dáa." Ó sì gé ìpè náà.